Ópínà Agolo Tó Ń Han: Ohun Tó Ń Ṣe É àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Bí ọ̀bẹ bá kú, a óò pọ́n ọn. Bí ìkòkò bá ń jò, a óò gbé e lọ fún ẹni tó ń jó irin. Ṣùgbọ́n bí ópínà agolo bá bẹ̀rẹ̀ sí í han nígbà tí à ń yí i, ojú ẹsẹ̀ ni a máa ń dájọ́ ikú fún un. A óò ní ó ti bàjẹ́, a óò jù ú sí ìsàlẹ̀ àpótí ṣíbí, a óò sì fa ọ̀bẹ yọ láti fi gún agolo. Ìdájọ́ yẹn kò tọ́. Ariwo tí ópínà ń pa ni ẹ̀rí tó dára jù lọ tí a ní nípa ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ yóò mọ ibi tó ti ń wá, yóò mọ̀ bóyá omi àti ọṣẹ ló ń béèrè, tàbí ẹ̀kán epo kan, tàbí òòlù, tàbí pé ọjọ́ rẹ̀ ti pé lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń sọ nù ló jẹ́ pé ìdọ̀tí àti gbígbẹ ni gbogbo àìsàn wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa gan-an. Agolo kò jìnnà sí ìdáná Yorùbá: tòmátò wà nínú rẹ̀, mílíìkì wà nínú rẹ̀, ẹja gẹ́ísà wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìnáwó, alásè a máa to agolo tòmátò ńláńlá, àwọn tó wọn gíráàmù 2,200, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ di ṣíṣí kí ata tó dé orí iná. Iṣẹ́ agolo kì í sì í parí nígbà tí ohun inú rẹ̀ bá tán. Agolo tòmátò De Rica ló di dérìkà tí àwọn ìyálọ́jà fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà títí dòní. Agolo mílíìkì náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ẹnu agolo tí wọ́n fi ọ̀bẹ já a máa rí ṣágiṣàgi, a sì máa ya ìka ẹni tó ń wọn ọjà. Ópínà tó bá dára ń dáàbò bo ọwọ́ ẹni tó ṣí agolo àti ọwọ́ gbogbo ẹni tí agolo náà yóò tún kàn lẹ́yìn rẹ̀.

Agolo ti pẹ́ láyé ju ópínà lọ

Ó yẹ kí a mọ bí ópínà ṣe di ohun tó dà, torí pé ibẹ̀ ni a ó ti mọ àwọn irin tó ń pariwo. Ní 1810, Nicolas Appert, ará Faransé, tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe lè se oúnjẹ mọ́ inú ìgò kó má bàjẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni Peter Durand gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi agolo onírin ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1813, Bryan Donkin àti John Hall ti ń ṣe oúnjẹ alágolo ní Bermondsey, ní Lọ́ńdọ̀nù, fún àwọn ọmọ ogun. Irin agolo ìgbà náà nípọn, kò sì sí ohun kan tí wọ́n dìídì ṣe láti fi ṣí i. Òòlù àti irin ìgbẹ́gi ni wọ́n ń lò.

Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 1858, kí Ezra Warner, ará Waterbury ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun ìṣí agolo tirẹ̀. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan ló fi ń gún agolo, ó sì fi abẹ tó tẹ̀ kọdọrọ já a lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn kò ní ohunkóhun tó ń yí, nítorí náà kò ní ohun tó lè han. Ní 1870 ni William Lyman, tó ń gbé ní Meriden ní Connecticut kan náà, mú abẹ róbótó wá, èyí tó ń yí bó ṣe ń gé. Àárín agolo ni èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gún kí abẹ náà tó lè yí i ká. Ní 1925, ilé iṣẹ́ kan ní San Francisco fi irin eléyín kún un, èyí tó ń di etí agolo mú tó sì ń fà á yípo. Nígbà tó di 1931, Charles Arthur Bunker ní ìlú Kansas City gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú èyí tó wà lọ́wọ́ wa lónìí: ọwọ́ méjì tí à ń fún pọ̀, etí tí à ń yí, àti gíà tó mú kí abẹ àti irin eléyín jọ máa yí.

Abẹ róbótó, irin eléyín, gíà. Àwọn mẹ́ta yìí ló sọ ṣíṣí agolo di iṣẹ́ ìrọ̀rùn, àwọn mẹ́ta yìí náà sì ni ariwo ti ń wá. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣe ópínà kékeré tiwọn tí wọ́n ń pè ní P-38 ní 1942, irin pẹlẹbẹ méjì tó ń ká lé ara wọn lásán ni. Kò ní gíà, kò ní etí, kò sì ń béèrè epo. Ìrọ̀rùn tiwa ní ìtọ́jú tó bá a rìn.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Ẹ gbé ópínà yín síbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Lókè ni abẹ róbótó wà, ẹnu rẹ̀ mú yípo. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni irin eléyín wà. Bí a bá fún ọwọ́ méjèèjì pọ̀, abẹ a gún ìdérí agolo lẹ́bàá etí rẹ̀ láti inú, eyín irin a sì bu etí náà mú láti abẹ́. Bí a bá wá ń yí etí ópínà, eyín a máa fa agolo lọ, abẹ a sì máa gé e. Ẹ yí ópínà dojú rú, ẹ óò rí gíà méjì tó wọnú ara wọn lẹ́yìn. Ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé ni ìṣó ńlá kan wà tí wọ́n lù pa lórí, tàbí bóòtù àti nọ́ọ̀tì. Láàárín irin àti irin, wáṣà pẹlẹbẹ máa ń wà tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn.

Irú kan wà lọ́jà tó pọ̀ torí pé kò wọ́n: abẹ tirẹ̀ kì í yí, irin eléyín nìkan ló ń yí, kò sì ní gíà. Gbogbo ohun tí a ó sọ nípa irin eléyín, ọ̀pá rẹ̀ àti ìṣó bá òun náà mu.

Nísinsìnyí, ẹ mú abẹ́rẹ́ tàbí igi ìtayín, kí ẹ fi tọ kòtò tó wà láàárín eyín kan àti èkejì lára irin eléyín. Ohun tí yóò bá a jáde yóò yà yín lẹ́nu. Ohun dúdú kan ni, ó le lójú, ó rọ̀ nínú. Tòmátò tó gbẹ wà níbẹ̀, mílíìkì tó di ìpẹ́pẹ́ wà níbẹ̀, bébà àti àtè tó so bébà mọ́ ara agolo wà níbẹ̀, ẹrúnrún irin tó ń tàn yinrinyinrin náà wà níbẹ̀. Bí kòtò yẹn bá kún dé ẹnu, eyín kò ní rí etí agolo bù mú mọ́. Ópínà yóò máa yọ̀, ẹ̀yin yóò máa fi agbára kún un, ariwo yóò sì máa pọ̀ sí i.

Bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọṣẹ tàbí epo, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ pa ọwọ́ méjèèjì dé láìsí agolo láàárín wọn, kí ẹ yí etí rẹ̀ lọ síwájú àti sẹ́yìn wò. Bó bá ń ké láìsí agolo, a jẹ́ pé inú rẹ̀ ni wàhálà wà: ìdọ̀tí, ìpáàrà, tàbí gbígbẹ. Bó bá dákẹ́ rọ́rọ́, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá gun agolo ló ń pariwo, ẹ fura sí abẹ, ẹ fura sí eyín irin, ẹ sì fura sí agolo náà gan-an.

Irú ariwo tó ń pa ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ fíìn-fíìn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí etí bá ń yí, irin gbígbẹ ló ń ha irin gbígbẹ. Epo ti tán níbi ọ̀pá tí abẹ tàbí irin eléyín ń yí lé lórí. Bó bá jẹ́ kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, tí ọwọ́ yín pàápàá ń mọ̀ ọ́n lára, ohun líle ló há sáàárín gíà: oúnjẹ tó gbẹ, ìpáàrà, tàbí ẹrúnrún irin. Bó bá jẹ́ pàkà-pàkà, tí ọwọ́ méjèèjì ń mì sọ́tùn-ún sósì, ìṣó tàbí nọ́ọ̀tì tó so wọ́n pọ̀ ló ti dẹ̀, gíà kò sì wọnú ara wọn dáadáa mọ́.

Lẹ́yìn irú ariwo, ẹ wo ìgbà tó ń wáyé. Ẹ fi báírò fa ilà sí etí tí ẹ ń yí. Bí «kọ́» kan bá ń dún ní gbogbo ìgbà tí ilà náà bá dé òkè, ojú kan ṣoṣo ló ní àbùkù lára ohun tó ń yí pẹ̀lú etí: eyín kan ti tẹ̀, tàbí ẹnu abẹ ti ya níbì kan. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni «gbì» ń dún kí abẹ tó yí agolo ká tán, ópínà kò jẹ̀bi. Ara ọ̀pọ̀ agolo ní ojú ibi tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀ láti òkè délẹ̀. Níbi tí ojú yẹn bá ti dé etí agolo, irin tó ṣẹ́ po níbẹ̀ pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, etí náà sì nípọn. Abẹ tó mú jù lọ pàápàá a máa kọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ gígún láti ojú ibẹ̀, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí etí agolo bá ti tẹ̀ wọnú. Bí ẹ bá ń kọjá ibẹ̀, ẹ rọra yí i.

Ẹni tó bá ti mọ èyí kò ní lu irin tó yẹ kó fọ̀, kò sì ní kán epo sórí ìdọ̀tí. Èyí ìkẹyìn yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Epo tó bá bọ́ sórí ìdọ̀tí a máa mú ariwo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò pò mọ́ ìdọ̀tí, yóò di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà yóò sì máa jẹ irin.

Fífọ̀ ló ṣáájú

Ẹ bu omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà sínú abọ́, kí ẹ da ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí i. Ẹ ri orí ópínà sínú rẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá jẹ́ igi, ẹ má jẹ́ kí igi náà mu omi. Orí onírin nìkan ni kó wọ inú abọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu tí ẹ kò lò mọ́, kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti irin eléyín, kòtò kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ lọ sí gíà lẹ́yìn. Ẹ wá kọjú sí ibi tí ojú kì í tètè rí, ìyẹn àárín abẹ róbótó àti irin tó gbé e dúró; ibẹ̀ ni mílíìkì máa ń sápamọ́ sí. Bí ẹ bá ti ń gbọ̀n ọ́n, ẹ máa yí etí rẹ̀, torí pé ìdajì irin tó yẹ kó mọ́ wà níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé àfi tó bá yí wá síwájú. Ẹ dà á, ẹ bu omi mìíràn, ẹ tún un ṣe títí omi yóò fi mọ́.

Kíá ni kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ ṣí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú oòrùn títí inú gíà yóò fi gbẹ. Irin ópínà kì í sábà jẹ́ irin tí kì í dógùn-ún látòkè délẹ̀. Irin lásán ni ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n fi irin dídán mìíràn bò lára. Níbi tí gíà bá ti ń ha gíà, ìbòrí yẹn a máa ṣí, irin lásán a sì yọjú sí omi, sí iyọ̀ àti sí ìkan inú tòmátò. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ara ópínà lè máa dán gbinrin nígbà tí gíà rẹ̀ ti pupa. Bó bá gbẹ tán, ẹ tún yí i gbọ́. Kò ní ṣàjèjì bó bá jẹ́ pé ariwo ti lọ.

Bó bá ti dógùn-ún, fínígà ló kàn. Ẹ da fínígà sínú ife tó fẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ri orí onírin sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ yọ ọ́ wò. Bí ìpáàrà kò bá tíì rọ̀, ẹ dá a padà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn. Ẹ má fi sílẹ̀ mọ́jú, torí pé fínígà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpáàrà àti irin tó dára. Bó bá jẹ ti ìkíní tán, yóò kọjú sí ìkejì. Ọsàn wẹ́wẹ́ lè ṣe iṣẹ́ yìí tí kò bá sí fínígà. Ẹ wá fi kànìnkànìn onírin ha á, kí ẹ fi omi ṣan án, kí ẹ sì tún fi omi tí ẹ po báákìn sódà díẹ̀ mọ́ ṣan án kí ìkan tó kù lára rẹ̀ lè kú. Irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ìpáàrà lára rẹ̀ tètè máa ń dógùn-ún padà, nítorí náà ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, kí epo sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà.

Epo tó yẹ àti èyí tí kò yẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Òróró tó bá wà nítòsí ni a máa ń bù. Òróró ẹ̀pà àti òróró sóyà dára fún dídín, wọn kò dára fún gíà. Bí wọ́n bá wà lójú afẹ́fẹ́ pẹ́, wọ́n a máa ki, wọn a sì máa lẹ̀ bí oje igi, gbogbo eruku ilé ni yóò wá máa so mọ́ wọn. Wọ́n tún máa ń kan, òórùn wọn yóò sì bá abẹ wọ inú oúnjẹ. Epo pupa ní tirẹ̀ a máa dì lásìkò ọyẹ́. Àdín àgbọn sàn jù wọ́n lọ torí pé ó pẹ́ kó tó ki, ṣùgbọ́n òun náà ń dì ní òwúrọ̀ tó bá tutù. Òróró ọkọ̀, gírísì àti òróró máṣíìnì ìránṣọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn rárá. Abẹ tó ń wọ inú oúnjẹ kò gbọdọ̀ gbé ohun tí èèyàn kò lè gbé mì.

Èyí tó yẹ ni liquid paraffin, tí wọ́n ń tà nílé òògùn. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í kan, kì í ki. Ìgò kékeré kan lè tó ìdílé kan lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ṣe fún èèyàn láti mu, kí ẹ sì pa ìgò rẹ̀ mọ́ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé.

Ẹ ti ẹyọ ìgbálẹ̀ tó mọ́ kan bọ inú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀kán kan jò láti ṣóńṣó rẹ̀ sí ibi mẹ́ta: ibi tí ọ̀pá irin eléyín ti wọ inú ọwọ́ ópínà, àárín abẹ róbótó níbi tó ti ń yí, àti ojú ibi tí gíà méjèèjì ti pàdé. Ẹ fi ẹ̀kán kẹrin sí ìṣó tó so ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Ó tó. Ẹ wá yí etí rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí epo lè wọlé, kí ẹ sì fi aṣọ nu gbogbo èyí tó bá yọ síta, pàápàá lẹ́nu abẹ. Epo tó wà nínú ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tó wà níta, eruku ló ń pè.

Bí nǹkan bá dẹ̀, bí abẹ bá kú

Pàkà-pàkà kò ní gbọ́ ti epo. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì ló so ọwọ́ méjèèjì, ẹ fi sípánà tàbí pìláyà rọra dè é, ìdajì yíyí ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ máa ṣí ọwọ́ rẹ̀ wò láàárín. Ó gbọ́dọ̀ ṣí láìsí ìjàkadì, kó má sì mì. Bó bá jẹ́ ìṣó tí wọ́n lù pa ni, ẹ gbé orí kan rẹ̀ lé irin tó wúwo, kí ẹ fi òòlù kékeré lu orí kejì yíká etí rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Lílù líle kan lè dè é pa débi pé kò ní ṣí mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Bí ọwọ́ yín kò bá gbà á, ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ tàbí ẹni tó ń jó irin ládùúgbò; iṣẹ́ kékeré ni lọ́wọ́ wọn. Bó bá jẹ́ pé wáṣà ló já bọ́, ẹ mú ópínà náà lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta irin iṣẹ́, kí ẹ fi wá èyí tó bá a mu.

Ẹnu abẹ ńkọ́? Ẹ ya òwú díẹ̀, kí ẹ rọra fi kan ẹnu abẹ yípo. Níbi tí abẹ bá ti ya, yóò gbé fọ́nrán òwú mú. Ìyẹn ni ibi tó ń sọ «kọ́». Abẹ tó kú pátápátá kì í gbé òwú, ṣùgbọ́n ẹ óò mọ̀ ọ́n: ó ń béèrè agbára púpọ̀, etí ìdérí tó gé a sì máa ní irun irin wínníwínní. Irun irin yẹn ló yẹ kó kọ wá lóminú ju ariwo lọ, torí pé inú oúnjẹ ló ń bọ́ sí. Ẹ mú òkúta ìpọ́nbẹ tó kúnná tàbí fáìlì kékeré, kí ẹ fi lé ẹ̀gbẹ́ tó dagun lára abẹ, bó ṣe dagun gẹ́lẹ́, kí ẹ fà á bí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ yí abẹ díẹ̀, ẹ tún fà á, títí yóò fi yípo tán. Ẹ fi aṣọ tó nípọn di ọwọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ gbogbo lẹ́búlẹ́bú irin kúrò, kí ẹ sì kán epo tuntun sí i.

Ìgbà kan ń bẹ tí a gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lọ. Bí eyín irin bá ti jẹ títí tó fi tẹ́jú, kò sí fífọ̀ tí yóò mú un padà. Bí eyín gíà bá ti já, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí ìbòrí dídán ara rẹ̀ bá sì ń ṣí ní pẹ́pẹ́, ẹ má lò ó mọ́ rárá, nítorí inú ọbẹ̀ ni àwọn pẹ́pẹ́ yẹn yóò parí sí. Nígbà tí ẹ bá ń ra òmíràn, ẹ mú èyí tó ní nọ́ọ̀tì ju èyí tó ní ìṣó lọ, kí ó lè ṣeé tú. Ẹ yí etí rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ wò ó bóyá gíà rẹ̀ wọnú ara wọn déédéé, kí ẹ sì mi ọwọ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ohun tó ń dá ariwo sílẹ̀ kì í gba ju ìṣẹ́jú kan lọ láti dènà. Ẹ fọ ópínà lẹ́yìn gbogbo agolo tí ẹ bá ṣí, bí ẹ ṣe ń fọ ọ̀bẹ, torí pé abẹ rẹ̀ wọ inú oúnjẹ, kòkòrò àìfojúrí sì ń pọ̀ sí i nínú èyí tó bá kù síbẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú omi abọ́ mọ́jú. Ẹ nù ún, kí ẹ fi kọ́ síbi tí atẹ́gùn ń dé. Ẹ má fi ṣí àgádágodo, ẹ má fi yọ ìṣó, ẹ má fi ṣe òòlù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ abẹ ti ń tẹ̀. Alásè tó ń ṣí agolo púpọ̀ lọ́sẹ̀ lè máa kán epo sí i lóṣooṣù. Fún ilé tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tó.

Agolo náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹ fọ orí rẹ̀ kí abẹ tó kàn án. Eku ń rìn lórí agolo ní ilé ìkẹ́rù, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ló sì ń gbé ibà Lassa. Ohunkóhun tó bá wà lórí agolo ni abẹ yóò tì wọnú oúnjẹ. Bí agolo bá wú, tàbí tí omi tú jáde fùú bí abẹ ṣe gún un, ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ dà á nù. Májèlé tí kòkòrò botulism ń ṣe nínú agolo tó bàjẹ́ lè pa èèyàn, ó sì lè wà níbẹ̀ láìsí òórùn. Bí irin tó dógùn-ún bá gé yín lọ́wọ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, kí ẹ lọ bèèrè nílé ìwòsàn bóyá abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kàn yín.

Kò sí iṣẹ́ kan nínú gbogbo èyí tó ju agbára ìyá ilé, alásè tàbí ọmọ tó ti lè fọ abọ́ lọ, àfi lílo òòlù àti pípọ́n abẹ, tó yẹ kí àgbà ṣe. Owó tí yóò ná yín kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríra tuntun lọ́dọọdún. Nítorí náà, bí ópínà yín bá tún han, ẹ má fa ọ̀bẹ yọ, ẹ má sì sáré lọ sọ́jà. Ẹ gbọ́ ibi tó ti ń ké, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ kán epo tó yẹ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó dájọ́.